Ìdí Tí Gbígba Ìlú Mosul Padà Fi Gba Oṣù Mẹ́sàn-án

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá dúró níwájú ògiri yìí lásìkò ìsinmi ọ̀sán, kó fara balẹ̀ díẹ̀, torí tọ̀tẹ̀ yìí gùn ju bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló fà á. Lọ́jọ́ kan tí à ń ṣe ẹ̀kọ́ Ìtàn ní kíláàsì wa, a dé ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí àwọn ọmọ ogun ṣe máa ń gba ìlú padà lọ́wọ́ àwọn tó bá fipá gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn géèmù ogun orí fóònù dìde, ó ní, "Kí ló wá le níbẹ̀? Kí wọ́n fi bàálù ju bọ́ǹbù sí i, ó tán." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún yín, èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Tíṣà wa ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń pàtẹ́wọ́ yìí, ṣebí Press Club lo wà? Lọ wádìí bí wọ́n ṣe gba Mosul padà, kí o wá kọ ọ́ sára ògiri."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà nípa rẹ̀, nínú láíbúrárì àti lórí fóònù bùrọ̀dá mi. Ohun tí mo rí nìyí.

Mosul wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Ìráàkì. Odò Tígírísì ló la ìlú náà sí méjì, apá ìlà oòrùn àti apá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ odò yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀. Bí orúkọ Mosul bá ṣàjèjì sí yín, ó dá mi lójú pé Ninefe ò lè ṣàjèjì. Àwókù Ninefe àtijọ́, ìlú tí Ọlọ́run rán wòlíì Jónà sí, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Ànábì Yúnúsà, wà nínú Mosul gan-an, lápá ìlà oòrùn odò náà. Kódà, odò Tígírísì yìí náà ni Bíbélì Yorùbá pè ní Hidẹkẹli nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì. (Mo bi tíṣà CRS wa kí n tó kọ èyí sílẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bàa sọ pé mo fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀.) Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń gbé ìlú náà: Lárúbáwá, Kọ́dì, Túkúmẹ́nì, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, àtàwọn Yazidi. Yunifásítì ńlá wà níbẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ọjà ńlá wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ISIS gba ìlú yìí lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2014. Ìjà ọjọ́ mélòó kan péré ni. Ìṣirò tí mo sábà ń rí ni pé àwọn ajagun tó wọlé ò ju 1,500 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn sójà ìjọba tó yẹ kó ṣọ́ ìlú náà pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn ọ̀gágun ló kọ́kọ́ sá. Nígbà táwọn sójà kéékèèké rí i pé ọ̀gá ti lọ, wọ́n bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Táǹkì, ìbọn, mọ́tò ogun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ISIS. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún náà, Haider al-Abadi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Olórí Ìjọba sọ fún àwọn aṣòfin Ìráàkì pé wọ́n rí orúkọ sójà 50,000 nínú ìwé owó oṣù, àwọn sójà tí kò sí níbì kankan. Lórí ìwé ni wọ́n wà. Ẹnì kan ṣáà ń gba owó wọn. Àwa tí a ti ń gbọ́ nípa òṣìṣẹ́ ìwin láti kékeré ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa o. Oṣù Kẹjọ ọdún 2014 yẹn kan náà ni Boko Haram kéde pé Gwoza ní Ìpínlẹ̀ Borno ti di ìlú tiwọn, bíi ti ISIS ní Mosul. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2015, Shekau kéde pé abẹ́ ISIS làwọn wà. Màmá kan tó ń ta ẹ̀wà nítòsí ilé wa, Gwoza ni wọ́n ti wá. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí wọ́n sọ bó ṣe rí. Wọn ò sọ púpọ̀. Wọ́n kàn ní orí òkè làwọn gbà sá lọ lóru, àwọn àtọmọ mẹ́ta, àti pé àwọn tó dúró sílé nítorí wọ́n rò pé sójà ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn làwọn ò gbúròó mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ra ẹ̀wà. Mo rà á.

Ká padà sí Mosul. Ní oṣù Keje 2014, olórí ISIS, Abu Bakr al-Baghdadi, gun orí mínbárì mọ́ṣáláṣí ńlá al-Nuri, ó ń pe ara rẹ̀ ní kálífà gbogbo Mùsùlùmí. Oṣù yẹn náà ni wọ́n fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìlú náà ní gbèdéke: kí wọ́n yí ẹ̀sìn padà, kí wọ́n san owó orí, tàbí kí wọ́n kú. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Mọ́ṣáláṣí tó wà níbi tí wọ́n gbà pé sàréè Ànábì Yúnúsà wà ńkọ́? ISIS fi bọ́ǹbù wó o. Ẹ wò ó, ẹgbẹ́ tó ní òun ń jà fún ẹ̀sìn, mọ́ṣáláṣí ló ń wó.

Ohun tó kan àwa ọmọ ilé ìwé jù ni tàwọn síkọ́ọ̀lù. Wọ́n fagi lé iṣẹ́ ọnà, orin àti ẹ̀kọ́ ìtàn. Wọ́n tẹ ìwé tuntun jáde. Nínú ìwé ìṣirò àwọn ọmọ kéékèèké, dípò ọsàn àti bọ́ọ̀lù tí a fi kọ́ àwa ní "méjì pẹ̀lú mẹ́ta", ọta ìbọn àti táǹkì ni wọ́n yà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kọ̀, wọ́n ní káwọn ọmọ jókòó sílé. Ọdún méjì sí mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Press Club mọ orúkọ rẹ̀. Omar Mohammed ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì Mosul. Nígbà tí ISIS wọlé, ó dá ojú ewé kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Mosul Eye, ó sì ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú síbẹ̀: iye èèyàn tí wọ́n pa, iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ, òfin tuntun tó jáde. Ọ̀sán ló ń rìn káàkiri bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, òru ló ń kọ̀wé. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ pàápàá. Ní ìparí ọdún 2015 ó sá kúrò nílùú pẹ̀lú àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ káyé mọ̀ pé òun ni títí di oṣù Kejìlá 2017, lẹ́yìn tí ogun parí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ayé mọ̀ nípa Mosul láàárín ìgbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Àwa níbí ń bẹ̀rù bí a bá fẹ́ kọ̀wé nípa ilé ìtura àwọn obìnrin tí omi ò yọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, Abadi kéde pé ogun láti gba Mosul padà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kó jọ tó nǹkan bí 100,000: sójà Ìráàkì, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, ẹgbẹ́ sójà àkànṣe tó ń gbógun ti àwọn apániláyà, àwọn Peshmerga tí í ṣe ọmọ ogun Kọ́dì, àtàwọn ẹgbẹ́ Hashd al-Shaabi. Bàálù Amẹ́ríkà àti tàwọn orílẹ̀-èdè alájọṣe wọn wà lókè. Àwọn ISIS tó wà nínú ìlú ò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Bí ẹ bá fi ìṣirò wò ó, ẹ ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 oṣù Keje 2017 ni wọ́n tó kéde ìṣẹ́gun. Ìyẹn ni pé kí á bẹ̀rẹ̀ láti àárín táàmù kìíní, kí á máa jà títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìdánwò táàmù kẹta.

Kí ló dé tí gbígbà fi jẹ́ ọjọ́ mélòó kan, tí gbígbà padà fi jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án?

Èkíní ni pé ISIS ti ní ọdún méjì ààbọ̀ láti múra. Wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n lu ògiri láti ilé dé ilé, tí ajagun fi lè rin gbogbo òpópónà kan láìyọjú síta rárá, tí bàálù tó wà lókè ò sì ní rí i. Wọ́n sọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì di ibi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò bọ́ǹbù. Mo ní láti ṣàlàyé ìyẹn dáadáa, torí òun ló dá àwọn sójà dúró jù. Wọ́n á mú mọ́tò lásán, wọ́n á fi irin nípọn bò ó yíká tí ọta ò fi ní wọlé, wọ́n á kó bọ́ǹbù kún inú rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹnì kan tó ti gbà láti kú wà á. Á fara pamọ́ sínú gáréèjì ilé kan. Bí àwọn sójà bá ń kọjá lọ, ó já síta lójijì láti ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, kò sì sí àyè láti sá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò.

Ọgbọ́n wo làwọn sójà dá sí i? Katapílà. Ẹ rántí èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà. Katapílà tí wọ́n fi irin bò ló máa ń ṣíwájú. Bí wọ́n bá ti gba òpópónà kan, katapílà á wa iyẹ̀pẹ̀ àti àwókù ilé jọ, á fi dí gbogbo ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kí mọ́tò bọ́ǹbù má lè wọlé. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó lọ sí òpópónà kejì. Nínú géèmù ọ̀rẹ́ mi, kò sí katapílà. Èmi ò sì rí ẹnikẹ́ni tó kọ orin fún awakọ̀ katapílà, bẹ́ẹ̀ òun ni ISIS kọ́kọ́ ń dojú ìbọn kọ.

ISIS tún ra dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n fi ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó. Wọ́n so bọ́ǹbù kékeré mọ́ ọn, wọ́n ń jù ú lé àwọn sójà lórí láti òkè. Ohun tí èèyàn lè rà lọ́jà!

Apá ìlà oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Bàálù ti ń fọ́ àwọn afárá orí odò Tígírísì. Márùn-ún ni afárá náà, kò sì sí èyí tó ṣeé gbà kọjá nígbà tó yá. Ìdí rẹ̀ ni kí ISIS má bàa máa fi mọ́tò bọ́ǹbù àti ajagun ránṣẹ́ láti apá kan sí èkejì. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìwọ wà lápá ìlà oòrùn, ẹ̀gbọ́n rẹ wà lápá ìwọ̀ oòrùn, afárá ti já. Àárẹ̀ mú àwọn sójà débi pé wọ́n dá ìjà dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kejìlá kí wọ́n lè kó ara wọn jọ. Ẹgbẹ́ sójà àkànṣe tí mo mẹ́nu bà ló ń ṣíwájú ní ibi púpọ̀, Amẹ́ríkà sì sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí wọ́n pàdánù tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2017 ni Abadi kéde pé apá ìlà oòrùn ti bọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìkéde yẹn tí mo fẹ́ràn gan-an. UNICEF ní síkọ́ọ̀lù 30 ṣí padà lápá ìlà oòrùn, ọmọ tó lé ní 16,000 sì wọ kíláàsì. Ogun ṣì ń lọ ní òdìkejì odò o. Wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú kíláàsì.

Ọjọ́ 19 oṣù Kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ apá ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá burú. Ibẹ̀ ni Mosul àtijọ́ wà. Àwa tí ilé bàbá wa wà nínú agboolé àtijọ́ mọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀: ilé fara ti ilé, ojú ọ̀nà tóóró tí èèyàn méjì ò lè gbà kọjá láìyẹ̀ fún ara wọn. Táǹkì ò lè wọ ibẹ̀, katapílà ò lè wọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni sójà fi ń wọlé, láti yàrá dé yàrá. Ẹgbẹ́ Hashd al-Shaabi sì ti lọ dí ọ̀nà tó jáde sí ìhà Síríà láti ìparí ọdún 2016, kí ISIS má lè rí ibi sá gbà. Àwọn kan sọ pé ohun tó dáa ni, torí bí wọ́n bá sá, ibòmíì ni wọ́n á ti lọ yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Àwọn míì ní ẹni tí kò ní ọ̀nà àbáyọ, àjàkú akátá ló máa jà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, bàálù ìjọba Ìráàkì ju ìwé pélébé sílẹ̀ káàkiri Mosul. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé káwọn aráàlú jókòó sílé. Ìjọba ní ìdí. Bí èèyàn mílíọ̀nù kan bá tú síta lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni wọ́n máa sùn? Ta ni máa fún wọn lómi? Ojú ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, bọ́ǹbù ló kún inú ilẹ̀ rẹ̀. Ìjọba sì tún rò pé ogun náà ò ní pẹ́. Lápá ìlà oòrùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe bí wọ́n ṣe wí, wọ́n jókòó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yè é.

Lápá ìwọ̀ oòrùn, ìmọ̀ràn kan náà yẹn ló sọ wọ́n di ẹni tó há sáàárín. Oúnjẹ tán. ISIS ń kó àwọn èèyàn láti abúlé wọnú ìlú, ó ń tì wọ́n mọ́lé níbi tí ìjà wà, kí bàálù má bàa lè ju bọ́ǹbù. Ẹni tó bá ní òun á sá, wọ́n ń yìnbọn fún un. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé láàárín ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2017 nìkan, ó kéré tán, èèyàn 231 ni ISIS pa níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti sá jáde. Ó kéré tán. Gbólóhùn yẹn wà nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa Mosul, ó sì máa ń dùn mí ní gbogbo ìgbà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2017, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní al-Jadida, àwọn ISIS méjì gun òkè ilé kan, wọ́n ń yìnbọn lu àwọn sójà Ìráàkì. Ilé náà lágbára, kọnkéré gidi. Nítorí pé ó lágbára làwọn aráàdúgbò ṣe kó wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyá àti ọmọ, kí wọ́n lè forí pamọ́. Àwọn sójà ò mọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀. Wọ́n pe bàálù Amẹ́ríkà. Bàálù ju bọ́ǹbù kan ṣoṣo. Gbogbo ilé náà wó lulẹ̀.

Nígbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣèwádìí, wọ́n ní ó kéré tán, aráàlú 105 ló kú níbẹ̀. Wọ́n ní bọ́ǹbù tàwọn nìkan ò lè wó ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, pé ISIS ti kó bọ́ǹbù tirẹ̀ pamọ́ sínú ilé náà, òun ló gbiná. Àwọn kan lára aráàdúgbò tó yè ní irọ́ ni, àwọn ò rí bọ́ǹbù kankan níbẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè dájọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ayìnbọn méjì ni wọ́n ń wá, àwọn tó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tó wà nínú bàálù yẹn tó fẹ́ pa ọmọdé. "Kí wọ́n fi bàálù ju bọ́ǹbù sí i, ó tán." Mo rántí bí mo ṣe pàtẹ́wọ́.

Mo bi tíṣà wa pé ṣé kí wọ́n má ju bọ́ǹbù rárá ni? Wọ́n ní kí n rò ó dáadáa: bí bàálù ò bá ran àwọn sójà tó ń fẹsẹ̀ rìn yẹn lọ́wọ́, àwọn sójà náà ọmọ èèyàn ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju bùrọ̀dá mi lọ lọ́jọ́ orí. Bí wọn ò bá sì gba ìlú náà rárá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ẹni tó ń fi ọta ìbọn kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Tíṣà wa ò dáhùn ìbéèrè mi. Mi ò rò pé wọ́n gbàgbé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, nígbà tí àwọn sójà sún mọ́ mọ́ṣáláṣí al-Nuri, ISIS fi bọ́ǹbù wó o, mọ́ṣáláṣí tí olórí wọn ti pe ara rẹ̀ ní kálífà. Ilé gogoro rẹ̀, tí wọ́n ti ń pèrun láti ohun tó lé ní 800 ọdún, wó pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ gogoro náà ni al-Hadba, ìtumọ̀ rẹ̀ ni abuké, torí pé ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó Ìráàkì. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Abadi fi kéde ìṣẹ́gun.

Iye aráàlú tó kú lápapọ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press wádìí rẹ̀ nínú ìwé ilé ìgbókùúsí àti lọ́wọ́ àwọn àjọ tó ń ka òkú, wọ́n ní ó wà láàárín 9,000 sí 11,000. Nínú wọn, ISIS pa ọ̀pọ̀, bọ́ǹbù àti ìbọn ńlá àwọn tó wá gbà wọ́n sílẹ̀ náà pa ọ̀pọ̀. Àwọn tó sá kúrò nílé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan. Àwókù ilé tí wọ́n máa kó dànù tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ tọ́ọ̀nù, bọ́ǹbù tí kò tíì bú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí: ní oṣù Kẹfà 2024, ọdún méje lẹ́yìn ogun, àwọn òṣìṣẹ́ UNESCO tó ń tún mọ́ṣáláṣí al-Nuri kọ́ rí bọ́ǹbù márùn-ún tí ISIS fi pamọ́ sínú ògiri ibi tí wọ́n ti ń kírun. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó.

Wọ́n ti parí iṣẹ́ náà ṣá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí àti gogoro náà padà. Bíríkì àtijọ́ tí wọ́n ṣà nínú àwókù wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo fún ọ̀rẹ́ mi ní èyí kà kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó kà á dé ìparí, èyí tí kì í ṣe àṣà rẹ̀. Ó ní òun ṣì gbà pé ó yẹ kí wọ́n gba ìlú náà padà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ò tíì fẹnu kò sí ni ọ̀rọ̀ ìwé pélébé yẹn: ṣé ó yẹ kí ìjọba ní káwọn èèyàn jókòó sílé, àbí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti kó wọn jáde, kódà bí ogun náà á ṣe gba ọdún kan? Òun ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó wọn jáde. Èmi ò tíì mọ èyí tí mo máa mú. Ẹni tó bá ní èrò lórí rẹ̀, tíṣà tàbí akẹ́kọ̀ọ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó jù ú sínú àpótí Press Club lẹ́gbẹ̀ẹ́ láíbúrárì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. A ó lẹ àwọn tó bá dé síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.